Olúwa Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́rmáàtì Rẹ̀

 

 Èmi ni Ìyá Fọ́tò. Kò sẹ́ni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò yìí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ni mo ya fọ́tò ìgbéyàwó yín, tí mo sì tún ya ti ìkómọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rí tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti àìsàn, kì í sì í ṣe ti ìjàǹbá ọkọ̀. Ti kọ̀ǹpútà ni. Mo ti rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ti gba owó lọ́wọ́ ìyá ìyàwó, tó ti ná an, tí fọ́tò ọjọ́ náà sì wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ pé ó ń kú lọ, ẹni náà ló mọ ohun tó ń jẹ́ àìróorunsùn.

Inú lápútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìkómọ, ìṣílé, ìsìnkú. Àwọn àgbàlagbà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti dolóògbé, tó jẹ́ pé fọ́tò tí mo yà wọ́n kẹ́yìn ni àwọn ọmọ wọn ń ní kí n tẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún tí ìrántí bá dé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀, tí n bá ṣí fódà kan, tí ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ funfun, tí nǹkan róbótó kan á máa yí lórí rẹ̀ kó tó dáhùn, ara mi kò balẹ̀ mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́ mi pé téèyàn bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ohun kan á ṣí tó ń jẹ́ Task Manager, tó ń fi hàn ẹni tó ń jẹ mẹ́mórì àti iye tó ń jẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìyẹn ni mi ò ti ní àlàáfíà. Orúkọ tí ojú mi lẹ̀ mọ́ níbẹ̀ ni Windows Explorer, ìyẹn ètò tó ń ṣí fódà, tó sì ń to fáìlì fún wa. Láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé, á wà ní bí 90 MB. Tí mo bá ṣí fódà ìgbéyàwó kan, á di 250, á di 400, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600. Tí mo bá ti fódà náà, á sọ̀ sí 310, kò ní padà sí 90 tó ti kúrò. Màá jókòó, màá káwọ́ gbera, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, iye náà á tún sọ̀ sí 180. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di 220. Ta ló ń ṣe é? Ṣebí èmi náà ni mo jókòó síwájú rẹ̀!

Ẹ mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá sọ ìṣòro rẹ̀ fún aráyé. Ẹnìkan ní àwọn ọmọ Yahoo ti wọ inú rẹ̀, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo gbogbo ohun tí mò ń ṣe. Arábìnrin wa kan, tó wà nínú ilé yìí báyìí, tí mi ò sì ní nawọ́ sí, ní kí n da òróró sí i. Mo bi í pé apá ibo ni kí n dà á sí, kò rí ìyẹn dáhùn. Ẹni tí mo wá gbọ́kàn lé ni ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn wò ó, ó mi orí, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé ó ti jẹ ẹ́ wọ inú. Ó ṣí ibì kan tó ń jẹ́ Resource Monitor, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n kọ Free sí. "Ẹ wò ó, Mà. 8 GB lẹ ní, kò ku nǹkan kan mọ́." Lóòótọ́, ohun tó kù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní a máa fọ́rmáàtì rẹ̀, a máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, a ó sì ra RAM tuntun, ìyẹn mẹ́mórì, kún un. Mo ní àwọn fọ́tò ńkọ́? Ó ní fọ́tò tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ̀, kí n gbàgbé ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ wá gbé e lọ ni Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí mi. Kọ́pà kan, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama iwájú wa, wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ó bá mi níbi tí mo ti ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà tí mo máa lọ bẹ̀ sínú ìwé. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé? Ojú yín kò dùn." Mo rò fún un. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́rmáàtì ẹ̀. Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Mo ní, "Kọ́pà, ṣé o mọ̀ ọ́n ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun kà ní yunifásítì nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe rèé. Nínú Task Manager, ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máúsì tẹ Windows Explorer, ó yan Restart. Kíá, ọ̀já ìsàlẹ̀ tí aago àti bọ́tìnì Start wà lórí rẹ̀ pòórá. Gbogbo àmì tó wà lójú kọ̀ǹpútà pòórá. Mo ké "Jésù!" tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò mi tó ń ta búrẹ́dì fi sáré wọlé. Kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti padà. Kọ́pà ní, "Ẹ rí i, Mọ́mì? Ẹ rò pé fódà nìkan ni Explorer ń ṣí. Òun ló ni ọ̀já yẹn. Òun ló ni àwọn àmì tẹ́ ẹ̀ ń wò lójú ẹ̀rọ. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ ṣí fódà kankan, ó ń ṣiṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti 1995, tí Windows 95 ti gbé e jáde rọ́pò File Manager àtijọ́. Nígbà tí Windows 8 dé ní 2012, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí File Explorer, ṣùgbọ́n nínú Task Manager, orúkọ àtijọ́ ló ṣì ń jẹ́. Aago ń yí lórí ọ̀já yẹn, àwọn ètò tó wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jíṣẹ́ fún un, fáìlì tuntun balẹ̀ sínú Downloads, ó ní láti mọ̀. Iye tí mo rí tó ń yí nígbà tí mo káwọ́ gbera, kò sí ọmọ Yahoo nídìí rẹ̀. Explorer ló ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi ké halelúyà!

Ó wá mú fọ́tò kan, ti ìyàwó kan tó ń jó wọlé láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ aṣọ ẹbí. Ó ní kí n wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Ó lé díẹ̀ ní 9 MB. Ó ní, "Mọ́mì, kámẹ́rà yín, píksẹ́lì mélòó ló ń yà?" Mo ní mílíọ̀nù 24, 6000 ní ìbú, 4000 ní òró. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ó ní nínú dísìkì, wọ́n ti fún fọ́tò náà pọ̀ kó má baà gba àyè. Ṣùgbọ́n kí ojú tó lè rí i, wọ́n ní láti tú u, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á sì gba báìtì mẹ́rin nínú mẹ́mórì. Mílíọ̀nù 24 lọ́nà mẹ́rin, mílíọ̀nù 96 nìyẹn. Fọ́tò kan ṣoṣo tó jẹ́ 9 MB nínú dísìkì lè di nǹkan bí 96 MB nínú mẹ́mórì tí wọ́n bá tú u tán, irú rẹ̀ sì wà nínú fódà ìgbéyàwó kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta fọ́tò, mi ò rò ó báyẹn rí.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Explorer ń tú odindi fọ́tò o. Kámẹ́rà máa ń fi àwòrán kékeré kan pamọ́ sínú fáìlì, nígbà mìíràn ìyẹn ló ń mú. Tó bá sì ti ṣe àwòrán kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, á tọ́jú rẹ̀ sínú àwọn fáìlì kan tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú thumbcache. Ìdí nìyẹn tí fódà tí mo ti ṣí rí fi máa ń yá ju èyí tí mi ò ṣí rí lọ. Ó tún máa ń gbé lára iṣẹ́ náà fún ètò mìíràn tó ń jẹ́ COM Surrogate, pé tí fáìlì kan bá ti bàjẹ́, kí ìyẹn ṣubú, kí Explorer lè dúró. COM Surrogate yìí gan-an wà lára ohun tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹn nawọ́ sí pé fáírọ́ọ̀sì rèé!

Mo wá béèrè èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò ló gbé e ga, kí ló dé tí kì í padà sí 90 tí mo bá ti fódà? Kọ́pà wo inú ṣọ́ọ̀bù mi, ó nawọ́ sí káńtà. Àwọn férémù tí mo gbé sọ̀ kalẹ̀ fún oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì wà lórí rẹ̀. "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò tíì dá wọn padà sókè?" Mo ní kí ni mò ń sáré sí, ẹlòmíràn lè wọlé báyìí kó ní irú rẹ̀ lòun ń wá. Ó ní bí Explorer náà ṣe ń rò ó nìyẹn. Ètò tó ti gba àyè kì í sáré dá gbogbo rẹ̀ padà, torí ó lè tún nílò rẹ̀ láìpẹ́. Tí káńtà bá wá kún, tí ẹlòmíràn ń wá àyè, Windows fúnra rẹ̀ á palẹ̀ mọ́.

Ó dárúkọ ọkùnrin kan fún mi, Peter Denning. Ní 1968, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin yìí kọ̀wé pé ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ tọ́jú sí mẹ́mórì fún ètò kọ̀ọ̀kan ni àwọn ojú ewé tó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó ti béèrè rí. Ó pè é ní working set. Ojú ewé ni ègé tí wọ́n pín mẹ́mórì sí; lórí ẹ̀rọ bíi tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 4 KB. Iye tó ń lé oorun lójú mi nínú Task Manager, ara working set yẹn ni, ìyẹn èyí tó jẹ́ ti Explorer nìkan nínú RAM lásìkò tí mò ń wò ó. Báwo ni kò ṣe ní yí? Ojú ewé tí Explorer kò bá fọwọ́ kàn mọ́, Windows lè gbá a kúrò, iye náà á sọ̀. Explorer á tún béèrè rẹ̀, iye náà á gòkè. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá náà mọ̀ pé Ìyá Fọ́tò kan ní Òṣogbo ń dúpẹ́ lórí ohun tó kọ. Ọlọ́run bá mi sọ fún un.

Free tí wọ́n fi já mi láyà ńkọ́? Ojú Resource Monitor kan náà ni Kọ́pà fi hàn mí. Ẹ̀gbẹ́ Free ni Standby wà, ó sì ju 3 GB lọ. Àwọn ohun tí mo ti lò ni Windows tọ́jú síbẹ̀, bóyá màá tún béèrè wọn. Tí ètò kan bá nílò àyè, á gbà á níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. RAM tó ṣófo kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Available ló yẹ ká máa wò, èyí tó ka Standby àti Free pọ̀, ìyẹn sì tó mi í lò dáadáa.

Mo ti ń wá owó mínírà tí màá fi ra nǹkan tútù fún un. Ó ní, "Ẹ dúró ná, Mọ́mì. Ẹ ní ẹ̀rọ ń wọ́ ẹsẹ̀. Iye tó ń gòkè tó ń sọ̀ yẹn kọ́ ló ń fà á. Nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀." Ará, ibi tí mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run ló rán an nìyí. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, á fi mí lọ́kàn balẹ̀, á mu mínírà rẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ.

Ó padà sínú Task Manager, ó lọ sí Details, ó fi òpó kan kún un tí mi ò rí rí, Commit size. Ó ní iye yìí kì í ṣe ohun tí ètò ń lò nínú RAM lásìkò yìí. Ohun tí Windows ti ṣèlérí fún un ni, yálà RAM ni yóò ti wá tàbí fáìlì kan lórí dísìkì. Windows lè gbá ojú ewé kúrò nínú working set, àmọ́ kò lè fagi lé ìlérí yẹn bẹ́ẹ̀. Ètò fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dá a padà. Ó ní kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo ṣí fódà fọ́tò, mo tì í. Commit gòkè, ó sọ̀. Mo ṣí òmíràn. Ó gòkè, ó sọ̀. Mo wọ fódà fídíò, mo fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fídíò kan kí n lè ṣe kọ́pì rẹ̀. Ó gòkè. Mo ti gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún gòkè lórí ti tẹ́lẹ̀. A jọ wo ara wa.

Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ fídíò báyẹn, á fi díẹ̀ kún un, kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kúrò. Iṣẹ́ fídíò sì ni mo fi ń jẹun lọ́pọ̀ ọjọ́. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, Commit Explorer á ti kọjá 2 GB, á ti gbọ̀nà ẹ̀bùrú há ẹ̀rọ náà láyè, bẹ́ẹ̀ iye tí mò ń wò láti ọjọ́ yìí wá á ṣì máa gòkè, á máa sọ̀ ní tiẹ̀, torí Windows ń gbá ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kúrò lójú mi. Èyí tí mò ń gbààwẹ̀ lé lórí kò ní àìsàn kankan. Èyí tó ní àìsàn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ta ló wá ń ṣe é? Explorer máa ń gba ètò mìíràn láyè. Ètò tó ń di fáìlì pọ̀, èyí tó ń tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń yí fídíò padà, wọ́n lè ki ọ̀rọ̀ tiwọn bọ àkójọ tó ń jáde téèyàn bá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún. Inú Explorer gan-an ni irú wọn ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n bá sì jẹ, orúkọ Explorer ni wọ́n ń kọ gbèsè rẹ̀ sí. Kọ́pà gbé ètò kan wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Autoruns, ọ̀kan lára irinṣẹ́ Sysinternals tí Mark Russinovich àti Bryce Cogswell dá sílẹ̀, tí Microsoft rà ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Ó fi ti Microsoft pamọ́, ó wo àwọn yòókù tó so mọ́ Explorer, ó yọ àmì kúrò níwájú ìdajì wọn, ó tún Explorer bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ké. Mo tẹ fídíò, ó ṣì ń gòkè. Ó dá àwọn yẹn padà, ó yọ ìdajì kejì. Ó dáwọ́ dúró! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pín wọn sí méjì títí tó fi ku ẹyọ kan, apá kékeré tí ètò ìyípadà fídíò kan rọ síbẹ̀. Oníbàárà kan ló ní ká fi ètò yẹn sórí ẹ̀rọ kí fídíò tó gbé wá lè ṣí. Mi ò ní dárúkọ ètò náà, kí wọ́n má lọ pè mí lẹ́jọ́. A yọ ọ́ kúrò tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Títí di òní, mo lè tẹ fídíò láti àárọ̀ dalẹ́, Commit tó bá gòkè á sọ̀.

Kí Kọ́pà tó lọ, ó wọ Folder Options, lábẹ́ View, ó fi àmì sí "Launch folder windows in a separate process". Ìyẹn ń jẹ mẹ́mórì díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n tí fódà kan bá dì, ọ̀já ìsàlẹ̀ kò ní bá a dì.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹn dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Mo fún un ní àga, mo fún un lómi, mo ní a ò fọ́rmáàtì mọ́. Ó ní tó bá kú, kí n má dá òun lẹ́bi. Mo ní kò ní kú ní orúkọ Jésù. Mi ò bá a jà. Iṣẹ́ wọn le, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ẹlòmíràn rẹ́ gbọ́dọ̀ lè nawọ́ sí ohun tó ń wá, kó sì pè é lórúkọ. Fáírọ́ọ̀sì wà lóòótọ́. Mo jẹ́ kí Windows Security yẹ gbogbo ẹ̀rọ náà wò látòkè délẹ̀, kò rí nǹkan kan. Nínú gbogbo ẹni tó ń pariwo fáírọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ṣe ìyẹn.

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún RAM, mo fi ra dísìkì tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, mo kó gbogbo fọ́tò sínú rẹ̀. Ilé ni mo gbé e sí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kọ́pà ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní olè kì í béèrè iye mẹ́mórì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fọ́tò lọ́dọ̀ mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ mí lówó fọ́tò, ìwé gbèsè yín náà wà nínú dísìkì ọ̀hún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di ẹlẹ́bẹ̀ lójú oníbàárà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí ọmọ náà, tó rán an lọ sílé ìwé. Kò gbowó lọ́wọ́ mi. Mo yà á nínú aṣọ kákí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ tóbi, mo fi sínú férémù tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa parí ìsìn rẹ̀, kò sì tíì ríṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ́fíìsì, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀rọ yín ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, màá fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọrẹ ìdúpẹ́ mi rèé nínú àpòòwé. Ẹ̀yin akọrin, ẹ bá mi gbé orin ọpẹ́, èyí tó gba ijó.